Bàbá, Ọ̀kan Ṣoṣo Ni Dọ́fìnì Náà

Bàbá mi, Bàbá onífótò,

Mo kí yín o. Mi ò ní fa ìkíni gùn, torí mo mọ̀ yín. Bí oníbàárà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò tó ń kí yín, tó ń béèrè ara ilé lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí ewúrẹ́, ẹ ó ní kó tètè wọlé kó jókòó, pé ìmọ́lẹ̀ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti wọlé, mo ti jókòó. Ìdí tábìlì ìdáná ni mo wà nílé wa ní Whitehorn, ní Calgary ti Kánádà níbí. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, tíì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, snow sì ti bo táyà mọ́tò mi dé ìdajì. Mo gba àyè níbi iṣẹ́ lónìí torí àtikọ lẹ́tà yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ohun méjì ni mo bá wá. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì fẹ́ fẹjọ́ yín sun ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ rántí pé fótò ìbejì ni iṣẹ́ tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn. Àwọn ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì wọn ti padà lọ máa ń gbé èyí tó kù wá bá yín láti ìgboro Abẹ́òkúta àti láti àwọn abúlé tó yí i ká. Ẹ ó ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nínú yàrá òkùnkùn yín, ìyá á sì gbé fótò ọmọ méjì tó jókòó ti ara wọn lọ sílé. Bó bá jẹ́ ọkùnrin lèyí tó lọ, tó jẹ́ obìnrin lèyí tó kù, ẹ ó wọ ṣòkòtò fún ọmọbìnrin náà nígbà kejì. Ẹ máa ń sọ pé àwa ọmọ ìjọ ò ní gbẹ́ ère ìbejì, ṣùgbọ́n kò síbi tí Ọlọ́run ti ní ká má ya fótò.

Ilé wa náà wà lára wọn. Kẹ́hìndé mi lọ kí àwa méjèèjì tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò rántí ojú rẹ̀. Àga ni mo rántí. Ní gbogbo ọjọ́ ìbí wa, ẹ ó gbé mi sórí àga apá òsì, ẹ ó ní kí n yíjú sí ọ̀tún díẹ̀. Èyí ni èmi. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní kí n bọ́ sí àga apá ọ̀tún, kí n yíjú sí òsì. Èyí ni Kẹ́hìndé. Ẹ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rẹ́rìn-ín. Ẹ ó kí i ni, ẹ ó sọ fún Kẹ́hìndé pé òun lẹ̀gbọ́n, òun ló rán àbúrò níṣẹ́ kó lọ tọ́ ayé wò, pé kó rọra máa bọ̀. Ohùn tí ẹ fi ń kí i rọ̀ ju èyí tí ẹ fi ń kí mi lọ. Mo máa ń jókòó síbẹ̀, kí n máa rò ó lọ́kàn mi pé ta ni Bàbá ń wò báyìí? Ṣé èmi ni, àbí òun?

Mi ò bi yín rí. Bí mo bá ń kùn pé ó ti rẹ̀ mí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó sọ ọ́ sí mi létí pé kí n fara dà á, nítorí Mama ni, pé bí Mama ò bá rí ìkejì mi lọ́dọọdún, ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo jókòó.

Nígbà tí mo dé Calgary, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara mi lẹ́ẹ̀mejì nínú basement, mo ń fi í ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ̀yin náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ fótò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ò sì yé bú iṣẹ́ mi. Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ snow ń gba ojú fèrèsé wọlé jù, pé mo dà bí ẹni tó ki ojú bọ àpò fùláwà. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo awò ojú, ẹ ní kí n bọ́ ọ nígbà tó bá kan Kẹ́hìndé, pé kò sí ohun tó ṣe ojú tirẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. Mo sì bọ́ awò.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́ bá wa nínú ọ̀fọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ fótò. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, nígbà tí Mama pè mí láti Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kan báyìí, ó ní, "Táyé, ọjọ́ ìbí yín ń bọ̀ o. Ta ni yóò máa lẹ fótò náà pọ̀ báyìí?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mofẹ́, ọmọ-ọmọ yín, ń jẹ sírílì nídìí tábìlì, ó sì gbọ́. Ó ní, "Mum, I can do it on my phone. Like, two minutes."

Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn, Bàbá, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Bí mo bá ṣe é, Kẹ́hìndé á tún máa hu ewú pẹ̀lú mi lọ, títí di ọjọ́ ikú mi. Bí mi ò bá ṣe é, èmi ni mo wá gbé arábìnrin mi kúrò lára ògiri Mama lójú ayé Mama. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ọkàn mi ò gbé e. Mo ń fi iṣẹ́ bojú, mo ń ní màá pè yín padà, Mama.

Inú ìdààmú yẹn ni mo wà tí Mofẹ́ fi mú ọ̀rọ̀ odò wá. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló ń kà ní yunifásítì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lọ sí odò ńlá kan ní Peru, tí wọ́n ń fi fótò wá dọ́fìnì inú odò kiri. Ẹ̀dá inú omi ni, ó tóbi ju èèyàn lọ, ṣùgbọ́n ó ń jáde wá mí bíi tiwa. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Àwọ̀n àwọn apẹja ti pa púpọ̀ nínú wọn, wọn ò pọ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ náà ń gba olùyọ̀ǹda tó bá mọ kámẹ́rà lò, Mofẹ́ sì ti kọ orúkọ mi mọ́ tirẹ̀ kó tó sọ fún mi. Ó ní mi ò tíì mú kámẹ́rà jáde látìgbà tí wọ́n ti sin yín, pé ó ti tó gẹ́ẹ́. Ọkọ mi ní, "Ìyá Mofẹ́, dolphin kẹ̀? Abeg, mosquito go finish you there." Mo lọ ṣá.

Ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ì bá fẹ́ràn ibẹ̀, Bàbá. Omi odò náà dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí, igbó ga lápá ọ̀tún àti òsì, a sì máa ń pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀, ká kàn jókòó. Dọ́fìnì kì í fò sókè bí èyí tí ẹ máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń yọ díẹ̀, á mí fùúù, á sì rì. Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú, ó ti lọ. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, omi lásán ni gbogbo wa ń yà. Mo ní fótò omi tó lè kún ilé.

Ìgbà tó yá ni mo rántí ohun tí ẹ kọ́ mi, pé etí ló ń ya fótò, ojú kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹ máa ń tẹ́tí sí èémí oníbàárà. Ẹ ní bí èèyàn bá ti mí síta tán, ojú rẹ̀ á padà di tirẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa ń tẹ kámẹ́rà. Mo bá dẹ́kun wíwo omi. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo di ọwọ́ mi mú, mo ń gbọ́. Bó bá ti mí lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ ibi tó kọrí sí, mo ti mọ ìgbà tí yóò tún mí. Lucía, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa nínú ọkọ̀, bi mí níbo ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Mo ní lọ́dọ̀ bàbá mi, ní Abẹ́òkúta. Mo fi ìgbéraga sọ ọ́. Ẹ ṣé o.

Ẹ gbọ́ ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ń fi fótò mọ dọ́fìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú láyé àtijọ́. Wọ́n á wo àpá tó wà lára rẹ̀, wọ́n á fi wé àwọn fótò tó wà nílẹ̀, wọ́n á fún èyí tó bá jẹ́ tuntun lórúkọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan yọ lápá òsì ọkọ̀ wa, ibì kan ti ya lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí òmíràn fi yọ lápá ọ̀tún, àpá àwọ̀n gígùn wà ní ìhà rẹ̀. Mo ya méjèèjì, wọ́n mọ́ kedere. Lucía wò wọ́n, ó ní àwọn ò rí wọn rí, méjì tuntun ni. Gbogbo ọkọ̀ pariwo. Ó ní kí n sọ wọ́n lórúkọ.

Ẹ ti mọ orúkọ tí mo sọ wọ́n. Èyí tó kọ́kọ́ dé ni Táíwò, èyí tó tẹ̀lé e ni Kẹ́hìndé. Mo wá ń ṣàlàyé ìbejì fún wọn nínú ọkọ̀, pé ọ̀dọ̀ wa nilẹ̀ ìbejì, pé ẹni tó kẹ́yìn dé lẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn bíi tọmọdé. Mo rò ó pé nǹkan tí mo fi ojú ara mi rí rèé, ìbejì tó pé méjì, tí wọ́n jọ ń rìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lọ́sàn-án tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo gbọ́ èémí kan nítòsí gan-an. Mo tẹ kámẹ́rà, mi ò sì gbé ọwọ́ kúrò. Dọ́fìnì náà yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó yí ara rẹ̀ po lábẹ́ ọkọ̀, ó tún yọ, ó mí, ó lọ. Nígbà tí mo wo àwọn fótò náà ní títẹ̀léra nínú ojú kámẹ́rà, mo padà sí ti àkọ́kọ́, mo tún wọn wò. Ibi tó ya yẹn wà lápá òsì rẹ̀. Àpá àwọ̀n wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ara kan náà ni. Kò fìgbà kankan jẹ́ méjì. Èmi, ọmọ onífótò ìbejì, ni mo ya ẹyọ kan lápá òsì, mo yà á lápá ọ̀tún, mo sì pè é ní méjì!

Kò sẹ́ni tó rí i bí kò ṣe èmi. Ká ní mo dákẹ́, méjì ni wọn ì bá máa kà lọ. Mo kọ́kọ́ dákẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n má parọ́, títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èbúté. Lẹ́yìn náà mo gbé kámẹ́rà fún Lucía.

Kò bínú rárá. Inú rẹ̀ ló dùn. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àwọn ní, ìhà kan ṣoṣo làwọn mọ̀ lára wọn, bí wọ́n bá fi ìhà kejì yọ, wọ́n ti di àjèjì nìyẹn. Ó ní èyí ti di ẹni tí àwọn mọ̀ tọ̀tún-tòsì, ibi yòówù tó bá gbà yọ, àwọn á mọ̀ ọ́n. Ó wá bi mí pé orúkọ wo ni kí òun fi sílẹ̀, èwo ni kí òun pa rẹ́.

Ẹ wò ó, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sá fún láti Calgary ló wá bá mi lórí odò àwọn ará Peru. Nígbà tó yá mo ní kó pa Kẹ́hìndé rẹ́. Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ẹkún gbé mi. Mi ò sunkún Kẹ́hìndé rí láyé mi. Ìgbà wo ni mo fẹ́ sunkún rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń jókòó dè é lọ́dọọdún? Mo sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé àná ló lọ. Mofẹ́ dì mọ́ mi, ó ń pa mí lẹ́yìn, ó ní, "Mummy, ó ti tó. It's okay. I've got you."

Ṣùgbọ́n ohun tí Lucía sọ ò kúrò lọ́kàn mi. Ta ló tún mọ̀ mí tọ̀tún-tòsì bí ẹ ṣe mọ̀ mí? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ìpéǹpéjú mi apá òsì wúwo díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé tí mo bá ń bínú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ mélòó ló ní bàbá tó jókòó tì í lọ́dọọdún, tó wò ó dáadáa lápá kan, tó tún ní kó yí ẹ̀gbẹ́ kejì wá? Ojú ẹlòmíràn lẹ fi ń wá ojú mi, tàbí ojú mi lẹ fi ń wá ti ẹlòmíràn, mi ò mọ̀, kò sì dùn mí mọ́. Ẹ wò mí. Mo dúpẹ́ pé ẹ wò mí.

Nígbà tí mo ń nujú nínú ọkọ̀ ni Mofẹ́ ya fótò mi, láìtọrọ àyè. Mo kọjú sí i tààrà, ojú mi pọ́n, irun mi dà rú. Yàtọ̀ sí ti pásípọ́ọ̀tù, mi ò rò pé mo ní fótò tí mo kọjú síwájú rí. A padà sí Calgary, ọjọ́ ìbí dé, èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí Mama. Fótò kan ṣoṣo yẹn. Mo wá pè é lórí fídíò.

"Mama, ṣé ẹ ti rí fótò?"

"Mo ti rí i. Ojú ẹ pọ́n. Ṣé wọ́n nà ẹ́ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Mama. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀kan ni. Mi ò lè ṣe méjì mọ́."

Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ó wá ní, "Ṣé ó ti tó ẹ báyìí?"

"Kí ló tó mi, Mama?"

"Fótò náà. Bàbá ẹ ní ìwọ lo ń fẹ́ ẹ. Ó ní tí òun ò bá lẹ ìkejì mọ́ ẹ, wàá máa wá a kiri. Torí ẹ ni mo ṣe ń gbé e kọ́ ògiri. Èmi ní tèmi, mo ti gbà fún Ọlọ́run látọjọ́ tí ọmọ mi ti lọ. Táyé, ọmọ kan ni mò ń rí nínú ẹ̀ jàre."

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ fi yín sùn rèé, Bàbá! Ẹ ní nítorí Mama ni, ẹ tún yíjú sí Mama, ẹ ní nítorí mi ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mò ń jókòó fún Mama, Mama ń kan ìṣó mọ́ ògiri fún mi, ẹ̀yin sì wà láàárín wa, ẹ ń súfèé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Èmi àti Mama rẹ́rìn-ín títí tí Mama fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọkọ mi sáré wá wò bóyá nǹkan ń ṣe mí.

Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ẹ̀rín náà yí padà mọ́ mi lẹ́nu. Mo rántí kámẹ́rà onípákó àtijọ́ yẹn. Ẹ ní kámẹ́rà tuntun tí ẹ fi ń ya gbogbo ìlú, àmọ́ fótò wa nìkan lẹ máa ń gbé onípákó jáde fún, èyí tó ní aṣọ dúdú tí ẹ máa ń bò mọ́rí. Bó bá jẹ́ èmi, ẹ kì í pẹ́ lábẹ́ aṣọ náà. Bó bá kan Kẹ́hìndé, ẹ máa ń pẹ́ níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi á fi kú. Mo rò pé ẹ ń wá ìmọ́lẹ̀ ni. Ṣé ẹkún lẹ máa ń sun níbẹ̀, Bàbá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnì kan? Ṣé ẹ rò pé a ò ní lè gbé e pẹ̀lú yín ni? A ì bá gbé e. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, ẹ kì í jẹ́ kí oníbàárà ru àga fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣé tí ẹ gbé e nìkan tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín nínú ilé tí ọ̀fọ̀ wà. Ẹ ṣé nítorí Mofẹ́, tó jọ yín ní gbogbo ọ̀nà, àní títí kan bó ṣe ń ya èèyàn láìtọrọ àyè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn tí a dé láti ìjọ ní Falconridge, mo ní kí Mofẹ́ gbé àga méjì sọ̀ kalẹ̀ sínú basement. Ó wò mí, ó ní, "I thought we weren't doing this anymore?" Mo ní kó ṣáà gbé e. Mo jókòó lápá òsì, mo yíjú sí ọ̀tún. Mo bọ́ sí apá ọ̀tún, mo yíjú sí òsì, mo bọ́ awò mi. Mofẹ́ ní, "What did Grandpa use to say here?" Mo kọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ò yí i dáadáa, ṣùgbọ́n ó kí Kẹ́hìndé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kí i, ó dúró títí mo fi mí síta, ó tẹ̀ ẹ́.

A ti tẹ fótò náà jáde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń lọ sílé, ó sì máa bá mi gbé e fún Mama kó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fótò yín. Kì í ṣe ti Mama o, Mama ti gba tirẹ̀. Kì í sì í ṣe tèmi. Ẹ̀yin lẹ ní in, Bàbá. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún wà lọ́dọ̀ yín báyìí. Ẹ gbé fótò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa bí ẹ ṣe máa ń wo nǹkan, kí ẹ sọ fún wa bóyá a yà á jọ ọ́.

Èmi ni, èyí tí Kẹ́hìndé rán wá tọ́ ayé wò, tó ń wò ó lọ, tó ń fẹ́ràn yín, tó sì ń dúpẹ́.